Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú, àti bí a ṣe ń dán an wò

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní praímárì 3. Bí ìyá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀, ó mọ ṣéńjì tí yóò fún oníbàárà, kò ní ṣì í. Bó bá di ká pàlọ́, òun ló máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n kí n nawọ́ sí "bàtà" lójú pátákó, yóò wo lẹ́tà àkọ́kọ́, yóò wo ojú mi, yóò ní "bàbá". Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pariwo "olódo!" Wọ́n ti na án títí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹgba ò kọ́ ọ ní lẹ́tà kan ṣoṣo.

Irú ọmọ báyìí kì í ṣe olódo, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń ṣe é ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia: ó ṣòro fún ọpọlọ rẹ̀ láti so ìró tí etí gbọ́ mọ́ lẹ́tà tí ojú rí. Làákàyè rẹ̀ pé. Ó máa ń wà nínú ẹbí, ẹ lè béèrè kí bàbá rẹ̀ sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe jìyà níléèwé. Kì í lọ pátápátá, àmọ́ ọmọ tí a bá fara balẹ̀ kọ́ yóò kàwé.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa

Kí ẹ tó fún nǹkan lórúkọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo wa rò pé ìwé ò yé, tó jẹ́ pé pátákó ni kò rí. Ẹ tún béèrè bóyá ó ti fi iléèwé sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ rí, nítorí ọmọ tí ẹnì kankan ò kọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí a kọ́ tí kò wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ọjọ́, ohun tí ẹ ní kó kà, ibi tó ti há. Ẹ má kọ "kò mọ̀wé kà". Ẹ kọ "ó pe d ní b lẹ́ẹ̀mẹ́ta", "ó ka lẹ́tà àkọ́kọ́, ó méfò ìyókù", "ó ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì". Irú àkọsílẹ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún onímọ̀ tí ẹ bá gbé e lọ bá fún àyẹ̀wò. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, iléèwé olùkọ́ni tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 náà sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má torí èsì àyẹ̀wò dúró o. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò lè pa ọmọ kankan lára, ìbáà jẹ́ dyslexia, ìbáà má jẹ́ òun.

Etí ló ṣáájú ojú

Ibí yìí lọ̀pọ̀ wa ti ń kánjú. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ pé "àgbàdo" ṣe é gé sí mẹ́ta lẹ́nu, kò lè mọ ohun tí lẹ́tà wà fún. Ẹ jẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: à-gbà-do, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ-ja, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ní kó yọ "à" kúrò nínú àgbàdo, kó sọ èyí tó kù. Kò sí ìwé, kò sí bírò, etí nìkan.

Eré tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, àwọn àgbà ti fi sílẹ̀ fún wa: ẹnà. "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ọmọ tó ń fọ ẹnà ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ láìmọ̀. Ó ń mú fáwẹ̀lì sílébù kọ̀ọ̀kan, ó ń mú ohùn rẹ̀ náà, ó ń gbé wọn sórí èyí tó fi kún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "mogo fẹ́ lọ" lọmọkùnrin yìí sọ, ó sì dákẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ṣe é, ní àkókò ìsinmi, bí eré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní "Mogo tigi dégé!" Ọjọ́ yẹn ni mo gbé lẹ́tà jáde.

Lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, nínú yanrìn

Ẹ da yanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ kọ lẹ́tà kan gàdàgbà sórí páálí, kí ọmọ fi ìka kọ ọ́ sínú yanrìn, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ojú ń wò, etí ń gbọ́, ẹnu ń sọ, ọwọ́ ń kọ, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: Samuel Orton, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti Anna Gillingham tó jẹ́ olùkọ́ ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1930, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta àti m, k, t. Ẹ má jẹ́ kí b àti d wọlé lọ́sẹ̀ kan náà láéláé. Kí ọ̀kan fìdí múlẹ̀ kí èkejì tó dé. Bó bá ṣì ń pa wọ́n pọ̀, ẹ ní kó di ìkúùkù ọwọ́ méjèèjì, kó na àtàǹpàkò sókè, kí ìkúùkù kojú síra. Tòsì jọ b, tọ̀tún jọ d. Kó wá sọ pé "ibùdó": b ló kọ́kọ́ jáde, d tẹ̀lé e. Ó lè ṣe é lábẹ́ tábìlì nígbà ìdánwò, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ní ti gb, lẹ́tà kan ni. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kan ṣoṣo kó má baà máa wá g lọ́tọ̀, b lọ́tọ̀.

Bó bá ti mọ lẹ́tà mẹ́fà méje, ẹ kọ sílébù sórí ìdérí ìgò: ma, ka, ta, kí ó máa tò wọ́n di ọ̀rọ̀. Àmì ohùn máa ń pọ́n wọn lójú, nítorí náà, ẹ fi dò-re-mí kọ́ ọ kí àmì tó dé. Ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀: kó gbọ́wọ́ sókè fún mí, kó nà án síwájú fún re, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún dò.

Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni, bí a sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ la ṣe ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo "though" àti "cough". Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ òbí kì í dùn sí i, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sanwó fún. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù. Ọmọ tó ti mọ̀ ní èdè kan pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá kan èkejì.

Nínú kíláàsì, ẹ gbé e síwájú. Ẹ má ní kó dìde kàwé lójú gbogbo ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ti jọ ka ojú ìwé náà ṣáájú. Bí iṣẹ́ pátákó bá gùn, ẹ fún un ní ẹ̀dà.

Nígbà tí ìdánwò bá dé

Sáyẹ́ǹsì la ṣe. "Dárúkọ apá mẹ́ta lára ohun ọ̀gbìn, kí o sì sọ iṣẹ́ wọn." Ọmọkùnrin yìí gba òdo. Mo mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo hú koríko kan, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. "Gbòǹgbò rèé, Àǹtí, òun ló ń fa omi. Igi rẹ̀ rèé, ó ń gbé omi lọ sókè. Ewé rèé, bí oòrùn ò bá tàn sí i, kò ní rí oúnjẹ ṣe." Ẹni tó gba òdo nìyẹn! Èmi ni mo fún un ní òdo náà. Ìwé kíkà ni mo dán wò, mo wá kọ "sáyẹ́ǹsì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó ṣètò ìbéèrè, mo máa ń bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò tàbí ìtàn, mo máa ń ka ìbéèrè sí i létí, mo jẹ́ kó fẹnu dáhùn, kó yàwòrán, kó nawọ́ sí i. Mi ò kí ń yọ máàkì nítorí sípẹ́lì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkàyé, ẹ má kà á fún un o, torí kíkà gan-an lẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹ fún un ní àyọkà tó kúrú, lẹ́tà tó tóbi, ààyè láàárín ìlà. Ní ti àkókò, ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n sábà ń fi kún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìdánwò wákàtí kan á di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tóun ò rí ìṣẹ́jú 15 gbà. Mo fún un. Ó jókòó, ó wo àjà, kò rí nǹkan kan kọ kún un.

Ẹ kọ irú ìrànwọ́ tí ẹ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ máàkì, kí olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín lè mọ̀. Fún ìdánwò ìta, ẹ jẹ́ kí iléèwé tètè kọ̀wé béèrè, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́. Ní January 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya àwọn tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bí ẹni tó ń tọrọ bárà.

Ìwé kíkà fúnra rẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n: sílébù 20 tó ti kọ́, ìṣẹ́jú kan, iye tó gbà. Òun àti ara rẹ̀ nìkan, ẹ má fi ẹlòmíì wé e. Bí iye náà ò bá gbéra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀nà tí ẹ fi ń kọ́ ọ ni kí ẹ yí padà.

Nílé

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní tẹ́ẹ̀mù kejì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. A ti gbààwẹ̀, a ti náwó." Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo kó ìdérí ìgò sórí tábìlì, mo ní kí ọmọ wọn tò ó. Ó to "kò", ó fi "kó" tì í. Ó kà á jáde: "kòkó". Màmá náà ní kó tún un kà.

Wọ́n kó ìdérí mẹ́wàá lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa ṣe ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí rédíò wà ní pípa. Bí omijé bá ti ń lé ròrò lójú rẹ̀, kí wọ́n kó ìdérí sínú ike, kí wọ́n ní kó pàlọ́ kan fún àwọn.