Ẹ Hú Kùkùté Kí Ẹ Tó Ra Pawa Tílà

Ó ń dùn mí bí àgbẹ̀ ṣe ń kó owó ẹ̀gẹ́ ọdún kan gbáko lé ẹ̀rọ tí kò ní pẹ́ dákẹ́ sẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ̀ èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ oko ṣe ni wọ́n ń gbé e wá, owó sì ti lọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ríra ẹ̀rọ láìwo ilẹ̀. Eléyìí ló ń bí mi nínú jù. Oko ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà ni pawa tílà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ kékeré tí à ń fọwọ́ darí láti fi tú ilẹ̀, ti gbilẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tó lómi, tí kò ní gbòǹgbò igi. Ẹ gbé e dé àkùrọ̀ wa, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ẹ wá gbé e wọ oko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán: ọ̀bẹ rẹ̀ á gbá kùkùté, ẹ̀rọ á ta sókè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ já yín lápá, ọ̀bẹ á tẹ̀, gíà á fọ́. Oníbàárà mi kan l'Ókè-Ògùn ní kí wẹ́dà lu ọ̀bẹ tó tẹ̀ náà tọ́, ó tún padà sórí ilẹ̀ kan náà. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, àpótí gíà ti là. Mo bi í pé kí ló dé tí kò hú kùkùté. Ó ní owó lébìrà ti pọ̀ jù. Owó gíà tó padà san ju ti lébìrà náà lọ!

Ẹ̀yin oníṣu, ọ̀bẹ pawa tílà kì í wọlẹ̀ jìn, kò sì lè kọ ebè. Ọkọ́ lẹ ó tún gbé.

Èkejì, ẹ̀rọ tí páàtì rẹ̀ kò sí nítòsí: ẹ má rà á.

Ẹ má da bẹntiróòlù nìkan sínú ẹ̀rọ ìgéko tó ń lo epo àpòpọ̀. Ẹ po ọ́ìlì mọ́ ọn bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ì báà ṣe ọ́ìlì 1 sí bẹntiróòlù 25 tàbí 1 sí 50. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa nọ́ọ̀kì.

Ẹ má fi pọ́ńpù oògùn apakoríko fín ẹ̀wà láìfọ̀ ọ́.

Ẹni tí oko rẹ̀ kò ju éékà méjì lọ, kí ló fẹ́ fi katakata ara rẹ̀ ṣe? Ẹ háyà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, torí gbogbo àgbẹ̀ ló ń wá a nígbà náà. Ẹ má sì dá pè é: kò sí ẹni tó máa wa katakata wá láti ọ̀nà jíjìn torí éékà kan, dísẹ́ẹ̀lì á jẹ èrè rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí oko yín fara kanra, ẹ kó éékà yín pọ̀, kí ẹ jọ pè é lọ́jọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ Hello Tractor, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2014, ń so oníkatakata pọ̀ mọ́ àgbẹ̀ lórí fóònù. Aṣojú wọn náà máa ń kó oko jọ kí katakata tó gbéra.