Bí a Ṣe Ń Darí Ọ̀wọ́ Ìkookò Nínú Eré Orí Tábìlì

Nínú eré orí tábìlì, adarí a máa sọ ìtàn, àwọn akópa a sì máa ṣe ẹ̀dá inú rẹ̀, dáìsì ni ó sì ń pinnu bí ìjà bá ṣe lọ. Ìkookò wà lára àwọn ẹranko tí àwọn adarí náà ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ tiwọn nìkan. Nínú ìwé òfin ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀, Dungeons & Dragons, ìtẹ̀jáde karùn-ún ti ọdún 2014, ìkookò ilẹ̀ wa, tí òyìnbó ń pè ní hyena, ní òǹkà ẹ̀mí 5 péré (iye ìpalára tí ó lè gbà kí ó tó ṣubú), òǹkà ààbò rẹ̀ (iye tí dáìsì olójú 20 ẹni tó ń kọlù ú, pẹ̀lú àfikún agbára onítọ̀hún, gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) jẹ́ 11, ìpalára ìbùjẹ rẹ̀ kò sì ju dáìsì olójú 6 kan lọ. Ìkookò ilẹ̀ òyìnbó, ìyẹn wolf, le jù ú lọ, nítorí ẹ̀mí 11 ni ó ní, ó sì lè bi ènìyàn ṣubú. Orúkọ kan náà ni àwa ń pe méjèèjì, nítorí náà kí adarí sọ èyí tí ó ní lọ́kàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n jọ ní ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ìkookò kan bá fẹ́ bu ènìyàn jẹ, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni náà, dáìsì olójú 20 méjì ni adarí yóò jù, yóò sì mú èyí tó ga jù. Jagunjagun tí òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ 16, ìkookò ilẹ̀ wa kan ṣoṣo yóò bà á nígbà 35 nínú 100. Bí èkejì bá dé, ó di nǹkan bí 58. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ pín wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún akópa kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan ni kí wọ́n jọ ṣù bò, pàápàá ẹni tó bá dá rìn sẹ́yìn.

Fún akópa mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìkookò ilẹ̀ wa mẹ́jọ jẹ́ ìjà tó mọ níwọ̀n. Ìkookò ilẹ̀ òyìnbó mẹ́rin péré ti lè pa àwọn akópa náà.

Ibi tí ìjà náà yóò ti wáyé ṣe pàtàkì ju iye lọ. Àwa tí a ń ṣeré ní Ìjẹ̀bú kò ní láti wá ihò àpáta ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí a ní Erédò Sùńgbọ́, yàrà àti òkìtì ilẹ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tí ó sì tó mítà 20 ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Ẹ kó àwọn akópa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ìkookò mẹ́rin síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ìkookò ilẹ̀ wa ń sá nígbà tí ó bá kàn án, ènìyàn sì ń rin 30, nítorí náà sísá kò ní gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀ nínú ògiri yàrà tí kò gba ju ara kan lọ. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ìkookò kan ṣoṣo ni yóò lè dojú kọ ọ́, dáìsì kejì á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ dárúkọ àlàfo náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí kò kà á sí.

Ẹnì kan yóò béèrè ohun tó gbé ẹranko ọ̀dàn dé igbó Ìjẹ̀bú. Ẹ wá ìdáhùn sílẹ̀: bóyá agbo màlúù ni wọ́n tẹ̀ lé wá. Abo ni kí ẹ fi ṣe olórí wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín ìkookò alámì tòótọ́. Kí igbe kan ti iwájú wá, kí òmíràn dáhùn lẹ́yìn, kí ẹ tó gbé ẹranko kankan síta.

Ọmọ ayò ni mo máa ń fi dúró fún wọn lórí tábìlì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí gbogbo wọn jà títí dé orí ìkẹyìn, ìjà náà sì gùn títí tí ọ̀kan nínú àwọn akópa fi bẹ̀rẹ̀ sí í po gààrí. Nísinsìnyí, bí olórí bá kú tàbí bí ìdajì bá ṣubú, àwọn tó kù á sá. Èmi kì í kó ọmọ ayò wọn kúrò. Mo kàn máa ń sún wọn sí etí tábìlì, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nínú ìtàn tí àwọn akópa yóò sì dáná sun ẹran.