Bí ìwé ìròyìn orin wa ṣe di kíkà ní Agbowó

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ Agbowó, nílùú Ìbàdàn, á gba ìwé ìròyìn orin wa, wọ́n á wo èèpo rẹ̀, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀. Mo jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti Póòlì Ìbàdàn, mo bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ máa gbọ́ orin náà bí a ṣe ń kà nípa rẹ̀."

Bí a ṣe fi kóòdù QR sí ẹ̀gbẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn: wọ́n á gbé fóònù sí i, orin á bẹ̀rẹ̀. A dín ìwé náà kù sí A5 kó lè wọ báàgì. Ojú ìwé 16 ni, torí ìwé tí wọ́n bá ká sí méjì, tí wọ́n fi sitápù dì láàárín, iye tí 4 lè pín ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Àárín ìwé ni mo fẹ́ràn jù: olóògbé Dáúdà Epo-Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àwúrèbe, lápá kan, ọ̀dọ́ olórin àdúgbò lápá kejì. Ìlù ni a fi so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ tó ń pe àwúrèbe ní orin bàbá àgbà ti ń béèrè àwo rẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí! Mi ò ní ta ojú ìwé yẹn fún olùpolówó kankan, iye yòówù kó san.