Bí a ṣe ń tọ́jú igi ṣẹ́rì olódòdó

Níwájú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni igi ṣẹ́rì Kanzan kan wà, tí òdòdó rẹ̀ máa ń bo gbogbo ẹ̀ka ní oṣù kẹrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí àyè yín bá há, irú ṣẹ́rì tí wọ́n ń pè ní Amanogawa ni kí ẹ rà, torí òkè ló máa ń nà sí, kì í fẹ̀.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ká gbin èyí tí wọ́n tà láìsí erùpẹ̀ nídìí, níbi tí oòrùn ń dé, tí omi kì í dárogún sí. Ẹ má rì í jù.

Ọ̀rọ̀ gígé ẹ̀ka ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e nígbà òtútù! Àrùn silver leaf, tó máa ń sọ ewé di àwọ̀ fàdákà, máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni kí ẹ gé e, lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, kó sì jẹ́ ẹ̀ka tó ti kú tàbí àwọn tó ń ha ara wọn nìkan.

Èéhù tó bá yọ nídìí, ẹ fà á tu. Gbòǹgbò igi ṣẹ́rì kò jìn, nítorí náà ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ewé jíjẹrà ni kí ẹ fi yí i ká, kó má ṣáà kan ara igi.