Bí mo ṣe ń bá Bàámi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú wọn

Ọdún kejì nìyí tí rọpárọsẹ̀, èyí tó ń ba ọpọlọ jẹ́ tí òyìnbó ń pè ní stroke, mú Bàámi ní Òkè-Báàlẹ̀ níbí, l'Óṣogbo. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ mọ́: "Omi. Aṣọ. Kọ́lá." Gbogbo wa gbà pé ohun tí à ń sọ ń yé wọn, àfìgbà tí mo ní, "Bàámi, Súlè ni Kọ́lá ń wá o," tí wọ́n sì ń ti Kọ́lá pé kó lọ dá Súlè lóhùn.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ kọ́kọ́ dán èyí wò. Ẹ mú ọmọ méjì dúró níwájú aláìsàn, kẹ́ ẹ ní kó nàka sí ẹni tó gbé nǹkan. Mo ní, "Kọ́lá gbé Súlè." Bàámi nàka sí Kọ́lá. Mo ní, "Iṣu ni Kọ́lá gbé." Kọ́lá náà ni. Mo wá ní, "Súlè ni Kọ́lá gbé." Súlè ni wọ́n nàka sí. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mélòó kan, torí èèyàn lè ṣèèṣì gbà á.

Iṣu kò lè gbé èèyàn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti ran ọpọlọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Súlè lè gbé Kọ́lá, Kọ́lá sì lè gbé Súlè. Ètò gbólóhùn nìkan ló lè sọ ẹni tó gbé ẹnì kejì, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà bà jẹ́. Láàárín ọdún 1861 sí 1865, Paul Broca, dókítà ará Faransé, fi hàn pé bí apá iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ òsì bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ a máa nira. Ó di ọdún 1976 kí àwọn onímọ̀ méjì, Caramazza àti Zurif, tó fi irú ìdánwò yìí hàn pé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ a máa ṣi gbólóhùn gbọ́ pẹ̀lú, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò bá gbè é.

Nítorí náà, ẹni tó ṣe nǹkan ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nídìí iṣẹ́ aró wa, mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé, "Oníbàárà tí Màámi ń dúró dè ti dé." Ní báyìí, mo ń já a sí méjì. "Màámi ń dúró de oníbàárà kan." Màá dákẹ́, màá wo ojú wọn. "Oníbàárà náà ti dé." Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ má pariwo, etí wọn kò di. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé: àgbà ni wọ́n, ọgbọ́n wọn ṣì wà.

Lánàá mo ní, "Kọ́lá ń wá Súlè." Bàámi nàka sí ẹ̀yìnkùlé, níbi ìkòkò aró. Súlè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń sá aṣọ.