Èsúnsún kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí a ṣe ń kó o, bí a ṣe ń yan án, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Bí káṣú bá ti ń tán lórí igi, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú gílóòbù ni àwọn ọmọdé Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ máa ń wò lálẹ́. Èsúnsún ni wọ́n ń retí. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti nǹkan bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹfà ni àsìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ẹ máa rí i lójoojúmọ́. Alẹ́ mélòó kan péré ni, wọn kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀run kí wọ́n tó tán. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bàsíà kiri nígbà tí wọ́n ti dé, ìran ni yóò wò. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ojú ọ̀sán.

Ohun tí ẹ fẹ́ kó

Èsúnsún kì í ṣe kòkòrò ọ̀tọ̀, ikán ni. Nínú òkìtì ọ̀gán, òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù, wọn kò níyẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í bímọ. Àwọn ọmọ ogun olórí ńlá náà kì í bímọ. Ìyá kan àti ọba rẹ̀ ló sábà máa ń bí gbogbo ilé, ìyá náà sì lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ọ̀gán tó ti gbó a máa tọ́ àwọn ọmọ oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin, akọ àti abo, tí yóò jáde lọ dá ilé tiwọn sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni èsúnsún. Òjò ni wọ́n ń dúró dè nínú ilẹ̀, torí pé ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣeé gbẹ́ fún kòkòrò tí ara rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ á sì tètè fa omi ara rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè ti rí fídíò kòkòrò aláriwo tí wọ́n ń pè ní cicada. Òun náà ní àsìkò tó ń jáde, àmọ́ tirẹ̀ le: oríṣi kan ń lo ọdún 13 lábẹ́ ilẹ̀, òmíràn ń lo ọdún 17, oje gbòǹgbò igi ni wọ́n ń fà mu níbẹ̀. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ ọlọ́dún 13 kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́dún 17 kan jáde pọ̀, ohun tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì láti 1803. Akọ wọn ló ń pariwo láti fi pe abo, ariwo náà sì ń gba gbogbo àdúgbò kan. Èsúnsún tiwa kì í ké, ariwo àwọn ọmọdé tó ń kó o nìkan lẹ ó gbọ́. Síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá: kí gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá àti ènìyàn jẹ títí wọn yóò fi yó, kí èyí tó kù lè ríbi sá gbà. Nítorí náà, bàsíà kan tàbí méjì tí ẹ gbé síta kò lè run wọ́n.

Ẹ mọ alẹ́ tí wọn yóò jáde

Òjò tó rọ̀ dáadáa lọ́sàn-án tàbí lóru àná ni àmì kìíní. Òjò winniwinni kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn òjò náà, bí oòrùn bá tún yọ, tí atẹ́gùn dúró, tí ooru ọ̀rinrin kan wá ń mú èèyàn láàgùn láìṣe iṣẹ́ kankan, ẹ lọ fọ bàsíà yín.

Bí ọ̀gán bá wà nítòsí ilé, ẹ lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gán tó fẹ́ tú èsúnsún kì í fi pa mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ tútù á yí ẹnu ihò náà ká, àwọn ọmọ ogun á sì tò sí ẹnu ọ̀nà, orí pupa wọn níta, tí wọ́n ń ṣí ẹnu wọn tí wọ́n ń pa á dé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìyẹ́ tó ń dán lẹ́yìn wọn nínú òkùnkùn ihò. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ má ti ọwọ́ bọ inú ihò náà o, ọmọ ogun ikán a máa géni jẹ débi tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde.

Àwọn ẹyẹ náà a máa sọ fúnni. Bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àti àwòdì bá ń yí po ibì kan lókè ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò, àwọn kan ti ń fò níbẹ̀. Gbogbo oríṣi kọ́ ló ń jáde nígbà kan náà: àwọn kan ń jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ńlá tí ọwọ́ àwa ọlọ́bẹ̀ ń wá sábà máa ń dúró di alẹ́, nígbà mìíràn di òru jìn.

Iná àti omi

Ọ̀nà yìí ló dára jù fún ẹni tó ń gbé àárín ìlú, òun náà sì ni mo fara mọ́ jù. Iná kan àti bàsíà omi kan ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi kan ṣoṣo tí iná yóò wà. Ẹ pa gbogbo iná yòókù nínú ilé àti ní ẹ̀yìnkùlé, torí bí iná bá wà káàkiri, káàkiri náà ni èsúnsún yóò fọ́n sí. Iná funfun ń fà wọ́n ju iná pupa rẹ́súrẹ́sú lọ. Ẹ má gbọ́kàn lé iná ìjọba, òjò tó mú èsúnsún wá náà ló sábà máa ń mú iná lọ. Àtùpà sólà tí ẹ ti sá sóòrùn láti àárọ̀ ni kí ẹ gbé sítòsí. Ẹ so ó kọ́ sí ìsàlẹ̀, kó má ga ju orí èèyàn lọ, ní iwájú ògiri funfun. Bí ògiri yín kò bá funfun, ẹ ta aṣọ funfun sẹ́yìn iná náà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé iná sókè téńté, tí èsúnsún á máa yí i po lókè lọ́hùn-ún, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa fò sókè bí ẹni ń jó.

Ẹ gbé bàsíà tó fẹ̀ sábẹ́ iná náà gan-an, kí omi inú rẹ̀ kún dé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú omi yóò fà wọ́n wálẹ̀, bí ìyẹ́ wọn bá sì ti kan omi, wọn kò lè gbéra mọ́. Omi lásán ni o. Mo ti rí àwọn tó ń da kẹrosíìnì díẹ̀ tàbí ọṣẹ ìfọṣọ sí i kí èsúnsún má baà jáde. Ta ni yóò wá jẹ ẹ́?

Kí wọ́n tó dé, ẹ ti fèrèsé, ẹ dé ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò omi mímu, ẹ sì so adìẹ mọ́lẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni. Bí iná aládùúgbò bá mọ́lẹ̀ ju tiyín lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò wọ́ lọ. Kò sí ìjà níbẹ̀: ẹ gbé bàsíà yín, ẹ lọ kí i ní "Ọ̀kun o," kí ẹ jọ kó o.

Ní ìdí ọ̀gán

Ọ̀nà àwọn àgbà nìyí, kí iná mànàmáná tó dé. Wọn a gbẹ́ kòtò kékeré síwájú ihò tí ikán lù, wọn a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i nínú, wọn a fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán tó kù, wọn a wá tan ògùṣọ̀ lókè kòtò. Èsúnsún tó bá jáde á kọrí sí ìmọ́lẹ̀, á já sínú kòtò. Ó ń mú wọlé gan-an, torí pé ẹnu ọ̀nà lẹ ti pàdé wọn.

Ṣùgbọ́n n kò ní tì yín sí i. Ejò a máa gbé inú ọ̀gán, ọ̀nà oko lóru kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ní agbègbè wa. Àyàfi kí ọ̀gán náà wà lẹ́yìn ilé, kí ẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ oko ẹlòmíràn ni, ẹ tọrọ àyè. Bó ti wù kó rí, ẹ má fi ọkọ́ wó ọ̀gán kí wọ́n lè tètè jáde. Ikán yóò padà dí ojú ihò, àwọn oníyẹ̀ẹ́ á sá wọ inú lọ, ẹ ó sì pàdánù tọdún yìí àti tàmọ́dún.

Ṣíṣà

Ẹ fi ajere kó o kúrò lójú omi bó ṣe ń pọ̀, ẹ dà á sínú garawa tó ní ìdérí. Ẹ má jẹ́ kó sùn sínú omi mọ́jú, òórùn rẹ̀ kò ní ṣeé fara dà láàárọ̀.

Lójú iná tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ ti ṣà á, torí pé èsúnsún nìkan kọ́ ni iná ń fà. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, pupa òun dúdú, tí oje ara rẹ̀ ń bó èèyàn lára bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Igi ìgbálẹ̀ ni kí ẹ fi yọ ọ́, kí ẹ má sì fọwọ́ nu ojú. Gbogbo yímíyímí, labalábá òru àti ohunkóhun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ dà á nù.

Ẹ ó tún rí àwọn kan nílẹ̀ tó ti já ìyẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń rìn ní méjì-méjì, abo níwájú, akọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Tọkọtaya tó ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò gbẹ́ nìyẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, iyanrìn ti bo ara wọn, wọn kò sì tó ohun tí à ń bẹ̀rẹ̀ fún.

Yíyan

Ẹ ṣàn án ní omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí omi ro dànù nínú ajere. Ẹ gbé ìkòkò tàbí agbada gbígbẹ kaná, kí iná má pọ̀. Òróró kò wọ̀ ọ́ rárá. Ọ̀rá ara èsúnsún pọ̀, òun ni yóò sì fi yan ara rẹ̀. Ẹ dà á sí i, kí ẹ máa rò ó láìdúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi ni yóò máa jáde, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á sì dà bíi pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má ṣe fòyà. Bí omi yẹn bá ti gbẹ, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ara wọn, ìyẹ́ á gbẹ, á máa já fúnra rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà yẹn, ẹ dà á sórí atẹ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá bọ́ síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ fẹ́ ẹ. Ìyẹ́ á bá atẹ́gùn lọ, ẹran rẹ̀ á kù sórí atẹ. Àwọn kan ń fọwọ́ já ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e kaná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe ìyẹn.

Ẹ dá a padà sínú agbada. Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ wọ́n ọn sí i, torí iyọ̀ gbígbẹ kì í mú, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń sá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ata gígún lè fi sí i báyìí. Ẹ máa rò ó títí yóò fi máa dún ṣàkàṣàkà, tí àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, tí ọ̀rá á máa dán lára rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ dá a sí méjì: bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, kò tíì jinná. Láti ibi tó ti jinná dé ibi tó ti jó kò jìnnà rárá, nítorí náà ẹ má kúrò nídìí iná lọ gba ìpè kankan.

Gàrí tútù ló bá a mu jù lójú tèmi. Ó dùn pẹ̀lú iṣu sísun, a sì máa ń dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ bí a ṣe ń lo edé. Edé tí mo dárúkọ yìí ṣe pàtàkì: ẹni tí edé tàbí akàn bá ń yún lára, tàbí tó ń mú ètè rẹ̀ wú, kó yẹra fún èsúnsún. Lọ́dún 2021 tí cicada jáde ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ ṣe irú ìkìlọ̀ kan náà, pé ìbátan edé ni kòkòrò. Bákan náà, bí wọ́n bá ti da oògùn ikán sí ilé tàbí ọ̀gán kan, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oko tó wà nítòsí, ẹ gbé bàsíà yín kúrò níbẹ̀.

Títọ́jú rẹ̀

Ọ̀rá tó ń mú un dùn náà ló ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, torí ooru tó bá há sínú rẹ̀ á di omi, omi á di èébu. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́, ẹ sá a sóòrùn lẹ́yìn tí ẹ ti yan án tán, kí ẹ wá rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le. Bí ẹ bá ṣí i tí ó ń rùn bí òróró tó ti kan, ó ti tán nìyẹn. Ẹ má tún un yan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbá ìyẹ́ kúrò lójúde kí òjò tó gbá a sínú gọ́tà, kí ẹ sì tú adìẹ sílẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí èyí tó kù.

Bí ẹ bá sì ti mọ ọ̀gán tó tú wọn, ẹ fi àmì sí i. Irú ikán yìí ń dáko nínú ilẹ̀: olú ni wọ́n ń gbìn sórí igi àti koríko tí wọ́n ti jẹ, òun ni oúnjẹ wọn. Bí òjò bá ti wá fìdí múlẹ̀, olú náà a máa yọrí síta ní ẹsẹ̀ ọ̀gán, ó sì dùn dé góńgó. Ẹ mú ìyá àgbà kan tó mọ olú dání lọ, kí ẹ má já èyí tí kò bá fọwọ́ sí.