Ẹ Má Tíì Ra Kámẹ́rà: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ṣẹ́ Fíìmù

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan gbé kámẹ́rà tuntun wá bá mi ní lọ́kéṣọ̀n l'Ábẹ́òkúta, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Owó àjọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Mo bi í pé kí ló máa fi gba ohùn, ó ní kámẹ́rà náà ní máìkì nínú. Inú bí mi, kì í ṣe sí ọmọ yẹn o, sí àwọn tó ní kó lọ rà á ni.

1. Ríra kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó mọṣẹ́. Ẹ háyà ẹ̀ lọ́jọ́ tíṣẹ́ bá dé. Fóònù ọwọ́ yín tó láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán.

2. Sísan owó gọbọi fún tíréníìnì ọ̀sẹ̀ méjì torí sátífíkéètì. Kò sẹ́ni tó bi mí ní sátífíkéètì rí, "ta lo ti bá ṣiṣẹ́?" ni wọ́n ń bi èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ilé ìwé gidi, National Film Institute wà ní Jos láti 1995, PEFTI náà wà l'Ékòó. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín kámẹ́rà kan? Fíìmù mélòó la máa ṣe ká tó jáde? Bí wọ́n bá ń kálòlò, ẹ máa lọ.

3. Gbogbo yín lẹ fẹ́ jẹ́ dàírẹ́kítọ̀. Ta ló máa wá gbé iná?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohùn, òun ló ń dùn mí jù. Ní 2013, èmi ni mo di búùmù mú, ìyẹn máìkì orí ọ̀pá gígùn, nínú fíìmù kan n'Íbàdàn, ní Mọ́níyà. Mi ò fi hẹ́dífóònù sétí torí ooru mú, mo ń wo iná mítà tó ń fi bí ohùn ṣe le tó hàn, tó ń lọ sókè sódò, mo rò pé ó ti tó. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn ilé, etí wa ti mọ́ ọn lára débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Síìnì tí ìyá ń sunkún ọmọ ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe édítìn gbé e síta, igbe jẹnẹrétọ̀ ló bo ẹkún ìyá yẹn mọ́lẹ̀. Òṣèré náà ti rìnrìn àjò, a ò lè pè é wá dọ́ọ̀bù, ìyẹn kó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ ká fi sórí àwòrán, bẹ́ẹ̀ owó yíyá ni ọ̀gá fi ṣe fíìmù ọ̀hún. Wọn ò sanwó mi, mi ò sì bínú, torí ẹ̀bi mi ni.

Torí ẹ̀, ẹ fi hẹ́dífóònù sétí ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbé búùmù súnmọ́ ẹnu òṣèré débi tó bá ṣẹ́kù díẹ̀ kó wọ àwòrán. Ẹ jẹ́ kí ohùn máa lọ láàárín mínọ́ọ̀sì 18 sí mínọ́ọ̀sì 12 dB lórí mítà, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sí 48 kHz. Ẹ fi wáyà gígùn gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ògiri. Ẹ pa fáànù, ẹ pa fíríìjì, kẹ́ ẹ wá ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín sínú fíríìjì náà, kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé láti tàn án padà kẹ́ ẹ tó lọ. Tẹ́ ẹ bá parí síìnì, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ gba ohùn yàrá náà nìkan, ẹni tó ń ṣe édítìn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nǹkan míì, iná mànàmáná wa níbí 50 Hz ni (iye ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti Amẹ́ríkà 60. Ẹ fi kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí shutter (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) wà ní 1/50, ẹ má fara wé àwọn ará YouTube ti Amẹ́ríkà, àbí iná máa ṣẹ́jú nínú àwòrán yín.

Ẹ má pa ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́ títí ẹ fi dà á kọ sí ibi méjì.

Ọmọ Abẹ́òkúta yẹn, mo ní kó gbé kámẹ́rà ẹ̀ sílẹ̀, mo fún un ní hẹ́dífóònù àti búùmù. Lọ́jọ́ kejì, a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síìnì nígbà tó na ọwọ́ sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, ọ̀kadà kan ń bọ̀." Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ nínú wa.